Ẹja Odò Kò Gbàgbé Òjò

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹja tí ó ń jẹun dáadáa ní gbogbo ìgbà òjò, tí ó wá kọ oúnjẹ nígbà tí ọyẹ́ dé, ó nídìí. Ẹja tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún oṣù mẹ́ta, tí ó wá ń forí gbá dígí kiri ní òru ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, ó nídìí. Èyí tí ó ti ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ní ìrẹ́pọ̀, tí ó wá di oníjà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ó ń wa ilẹ̀ àpótí bí ẹni ń wa kànga, òun náà nídìí. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fi ẹja odò sínú àpótí onídígí, wọn kì í wádìí. Wọ́n á ní àìsàn ló ń ṣe é. Wọ́n á da oògùn sínú omi. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta, wọ́n á kó òkú ẹja dànù, wọ́n á sì rán ọmọ lọ sétí odò pé kí ó lọ mú òmíràn wá.

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, kí n tó sọ ohun tí ó wà nínú mi. Ẹja náà kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó mú un wá ló jẹ̀bi. Ẹja tí a bí sínú odò, tí ó sì dàgbà sínú odò, ti gbé ìṣírò odò sínú ara. A lè gbé e kúrò nínú omi rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè gbé òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn kúrò nínú ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò bá lè fún ẹja odò ní àkókò rẹ̀, kí ó fi ẹja odò sílẹ̀ nínú odò. Ibi tí mo dúró sí nìyí, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo odò fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, omi kì í dúró sójú kan láti Ṣẹ́ẹ́rẹ́ títí di Ọ̀pẹ. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Ẹrẹ́nà tàbí Igbe, ó máa ń le ní Okúdù àti Agẹmọ, ó máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù Ògún, ó sì tún máa ń padà wá ní Owewe kí ó tó káṣẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn Ọ̀wàrà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, odò Ògùn, odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn sínú wọn a máa kún. Omi a gun orí bèbè, a wọ inú koríko àti igbó. Kòkòrò àti ekòló tí omi gbá lọ a di oúnjẹ fún ẹja. Omi òjò a dà pọ̀ mọ́ omi odò, a sọ ọ́ di omi tuntun. Bí Bélú bá wọlé, òjò a dá, omi a bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ní Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ọyẹ́ a fẹ́, òru a tutù, odò mìíràn a já sí kòtò-kòtò. Oúnjẹ a wọ́n, ẹja a sì máa lo ọ̀rá tí ó ti kó pamọ́ sára. Ní ọ̀sà Èkó ńkọ́? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a wọlé, iyọ̀ a pọ̀ nínú ọ̀sà. Nígbà òjò, omi odò a ti omi òkun padà, iyọ̀ náà a dín kù gan-an. Ọ̀sà kan ṣoṣo ni, omi méjì ni láàárín ọdún.

Ẹja tó bá ń gbé irú ibẹ̀ kò lè máa hu ìwà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Bí ó bá hù ú, ebi lè pa á, ọmọ rẹ̀ sì lè kú sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìyípadà ìwà ni ọgbọ́n tí ó fi wà láàyè. Ẹ wá wo àpótí onídígí: omi kò kún, kò fà, iná mànàmáná kan náà ń tàn lé e lórí, oúnjẹ kan náà ń já bọ́ láti inú ike kan náà, oṣù méjìlá gbáko. Àpótí náà kò ní oṣù. Ẹja inú rẹ̀ ló ní oṣù. Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tí mo máa pè ni àrọ̀, nítorí kò sí ilé tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Nínú odò, bí òjò bá ti mú kí omi kún, àrọ̀ a fi ojú odò sílẹ̀ lóru, a wọ inú koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni akọ àti abo ti ń pàdé, tí abo ti ń yé ẹyin. Kò ju nǹkan bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀ lọ, ẹyin náà a ti pa, ọmọ ẹja a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí oúnjẹ nínú omi tuntun náà. Ẹ wá wo àrọ̀ kan náà nínú adágún àwọn olùsìn ẹja. Ó ń rí oúnjẹ lówùúrọ̀ àti lálẹ́, kò sí ọ̀nì, kò sí àwọ̀n apẹja. Ẹyin a kún inú abo bámúbámú, síbẹ̀ kì í sábàá fúnra rẹ̀ yé e. Ìdí nìyẹn tí olùsìn ẹja fi ń gún abo lábẹ́rẹ́ kí ó tó lè fi ọwọ́ tẹ ẹyin jáde, tí wọ́n sì ń la inú akọ láti mú àtọ̀ rẹ̀. Kí ni abẹ́rẹ́ yẹn ń ṣe? Iṣẹ́ tí ìkún omi ì bá jẹ́ fún ara ẹja ni abẹ́rẹ́ ń bá a jẹ́. Ó ń sọ fún un pé àkókò ti tó. Ọ̀pọ̀ àrọ̀ ọlọ́sìn tí a ń jẹ lóde àríyá ló ń jẹ́rìí, lórí àwo ọbẹ̀, pé àjẹyó kò rọ́pò òjò.

Bí adágún tó fẹ̀ tó ilé kò bá lè tan àrọ̀ jẹ, ṣé àpótí tí kò gùn ju apá ènìyàn méjì lọ ni yóò tàn án? Ẹni tó bá ti fi àrọ̀ odò sínú dígí rí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òjò ọdún bá bẹ̀rẹ̀. Ẹja tí ó ti ń sùn sí ìdí òkúta láti ìgbà ọyẹ́ a jí. A máa lọ, a máa bọ̀ lóru, a máa fi orí ti ìdérí. Bí ìdérí kò bá le, ilẹ̀ ni wọ́n á ti bá a lówùúrọ̀, ní yàrá kejì nígbà mìíràn, nítorí àrọ̀ ní ohun èlò tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ nínú orí rẹ̀, ó sì lè wọ́ lórí ilẹ̀ tútù. Àwọn ará ilé á ní, "Ẹja yìí mà fẹ́ sá o!" Koríko tí omi bò ló ń wá. Kò mọ̀ pé àkàbà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà níta.

Ẹlẹ́rìí kejì ni epìyà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo mọ̀ dáadáa, wọ́n gbé àpótí onídígí sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà kí àwọn àlejò lè máa rí i. Epìyà mẹ́rin tí wọ́n fi àwọ̀n mú nínú ọ̀sà ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn kò jẹun mọ́. Ó fara pamọ́ sí igun, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú, ó pa ẹnu dé bí ẹni tí eyín ń dùn. Wọ́n ní àrùn ẹnu ni. Wọ́n tú oògùn oníhóró aláwọ̀ méjì tí àwọn ènìyàn ń lò fún inú rírun sínú omi, wọ́n sì bu iyọ̀ lé e. Ní ọjọ́ kejì, ẹja náà tu ẹyin jáde lẹ́nu, rọ́bọ́tọ́ rọ́bọ́tọ́ bí hóró ọkà bàbà. Ní ọjọ́ kẹrin, ó kú. Aláìsàn kọ́ ni. Baba ọlọ́mọ ni. Irú epìyà ọ̀sà yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sarotherodon melanotheron, akọ rẹ̀ ló ń gba ẹyin sẹ́nu tí ó ń tọ́jú rẹ̀ títí ọmọ yóò fi lè dá lúwẹ̀ẹ́. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ jẹun ní gbogbo àsìkò náà. Ní ti epìyà kejì tí ó pọ̀ lọ́dọ̀ olùsìn ẹja, Oreochromis niloticus, ìyá ló ń ru ẹrù yẹn. Ẹni kan ṣoṣo ì bá wo ẹnu ẹja náà dáadáa, ẹ̀kọ́ ńlá ni gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ì bá rí kọ́ lọ́jọ́ náà. Òkú ẹja ni wọ́n rí.

Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ apẹja àti ọ̀rọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nìyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pe àwọn onímọ̀ náà wá. Ọkùnrin kan wà, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Samuel Budgett. Ó fẹ́ mọ bí ẹja kan tí wọ́n ń pè ní Polypterus ṣe ń dàgbà láti inú ẹyin. Ó lọ sí Gambia ní ọdún 1898, ó padà lọ ní ọdún 1900, ó tún lọ sí apá Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, kò rí ohun tí ó ń wá. Ọdún 1903, ní agbègbè ẹnu odò Ọya nílẹ̀ wa níbí, ni ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ ẹyin ẹja náà ní àkókò tí ó yẹ. Ibà tí ó kó nínú ìrìn àjò náà pa á ní oṣù kìíní ọdún 1904. Polypterus kì í ṣe ẹja tó ṣọ̀wọ́n; apẹja ń mú un. Àkókò rẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n, àkókò náà sì ni ọkùnrin yìí fi ẹ̀mí rẹ̀ lépa.

Ẹnì kejì ni Frank Kirschbaum, ará Jámánì. Ní ọdún 1975, ó tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹja onímànàmáná láti Gúúsù Amẹ́ríkà, Eigenmannia, tí ó ń sìn nínú àpótí. Ó ń rọ omi sórí àpótí bí òjò, ó ń jẹ́ kí omi inú rẹ̀ ga sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì ń dín èròjà iyọ̀ inú omi kù, bí odò ṣe máa ń rí nígbà òjò. Ẹja náà gbó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin, láìgba abẹ́rẹ́ kankan. Lẹ́yìn náà, ó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára Pollimyrus, ẹja onímànàmáná tí ó wà nínú odò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìwádìí yìí fi hàn pé ẹja inú dígí ṣì ń gbọ́ èdè òjò, ó sì tún fi hàn pé ẹni tó bá fẹ́ lè bá a sọ ọ́. Àwáwí "kò ṣeé ṣe" ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Mo mọ ohun tí àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi máa sọ. Wọ́n á ní, "Ẹja mà ni! Ṣebí a ń jẹ ẹ́?" Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa ẹja jẹ kò sọ pé òun ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó tì í mọ́ àpótí fún ọdún méjì, tí ó ń sọ fún àlejò pé òun ń tọ́jú ẹja, òun la gbọ́dọ̀ bi léèrè ohun tí ìtọ́jú jẹ́.

Wọ́n á ní, "Ó sàn fún un níbí ju odò lọ. Kò sí ọ̀tá, kò sí ebi, ẹ̀rọ ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún un." Mo ti dáhùn èyí lẹ́nu àrọ̀ adágún. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí omi tutù rárá ń gba ìròyìn lọ́wọ́ ẹja ni. Òtútù ọyẹ́ ń sọ fún un pé kí ó sinmi. Omi tuntun ń sọ fún un pé kí ó múra. Bí a bá pa ìròyìn méjèèjì mọ́ ọn létí, tí ara rẹ̀ ṣì ń retí wọn, a kò tọ́jú rẹ̀. A dí i létí ni.

Èyí tó lágbára jù lọ nínú àwíjàre wọn ni pé ọmọ ìlú ńlá kò rí odò mọ́, àpótí náà ló sì ń kọ́ ọ nípa ẹja. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ lára wa kò tíì ti ẹsẹ̀ bọ odò rí. Ṣùgbọ́n kí ni àpótí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ń kọ́ wa? Ó ń kọ́ wa pé ẹja jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ tí kì í yí padà, àti pé bí ó bá yí padà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ èké ni. Bí ewé bá sì pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ọmọ tí ó gba èké yìí gbọ́ lónìí ni yóò di onímọ̀ ẹ̀rọ lọ́la, tí yóò ro pé odò náà lè máa ṣàn lọ́nà kan láti Ṣẹ́ẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ kí nǹkan má sì ṣe.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Nígbà tí wọ́n parí ìsédò Kainji lórí odò Ọya ní ọdún 1968, iná mànàmáná dé, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìkún omi tí ó máa ń tàn ká pápá ìsàlẹ̀ odò lọ́dọọdún dín kù, ohun tí àwọn apẹja ibẹ̀ ń rí mú sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ẹja tó ń retí ìkún omi kò rí ibi yé ẹyin bíi ti tẹ́lẹ̀. Nínú adágún ńlá tí ìsédò náà dá sílẹ̀, àwọn ẹja ìdílé Pollimyrus tí ó pọ̀ nínú odò tẹ́lẹ̀ di ohun tí a ń wá. Àpótí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kékeré, ìsédò tóbi, àṣìṣe inú wọn ò yàtọ̀: a ka omi, a kò ka oṣù.

Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005, èèwọ̀ ni ẹja pípa. Ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, wọ́n ń dá odò náà sí jálẹ̀ ọdún, ọjọ́ ọdún ẹja pípa nìkan ni wọ́n ń ṣí i, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbàgbọ́ ẹni kò ní kí ó jẹ́ tiwọn kí ó tó rí ọgbọ́n inú rẹ̀: ẹja ní àkókò tirẹ̀, ènìyàn ló sì gbọ́dọ̀ yẹra fún un.

Kí ni kí a wá ṣe? N kò ní kí a fọ́ gbogbo àpótí. Mo ní kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ fi òdòdó ṣe é. Bí ẹ̀kọ́ bá ni a fẹ́, kí a lọ ra ọmọ àrọ̀ tàbí epìyà lọ́dọ̀ olùsìn ẹja, kí a fi odò sílẹ̀. Bí ó bá sì di dandan pé ẹja odò ni a fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀, kí a jẹ́ kí àpótí náà ní oṣù. Kí omi rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó sì ga sókè nígbà òjò pẹ̀lú omi òjò tó mọ́, tí a rọra ń dà sí i, tí kì í ṣe omi àkọ́rọ̀ tó fọ òrùlé onípáànù. Kí ìdérí rẹ̀ le. Kí koríko omi àti ibi ìfarapamọ́ wà nínú rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé tí ẹja dín oúnjẹ kù, kí a dín in kù fún un, kí oúnjẹ má baà jẹrà sínú omi. Kí ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ sí lójoojúmọ́: òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀, omi tutù tàbí ó lọ́, ẹja jẹun tàbí kò jẹun, àwọ̀ rẹ̀ ṣú tàbí ó mọ́. Ìwé yẹn, lẹ́yìn ọdún kan péré, yóò kọ́ kíláàsì kan ju àpótí mẹ́wàá tí kò ní ìwé lọ.

Ohun kan ṣì kù. Bí ẹja bá ti sú ẹni, kí a má ṣe sáré dà á padà sínú odò, pàápàá èyí tí ó ti bá ẹja ọlọ́sìn gbé tàbí tí ó ti wà nínú omi oògùn. Àìsàn tí kò sí nínú odò tẹ́lẹ̀ lè ti ibẹ̀ wọ ọ́. Nítorí náà, ìgbà tí ó dára jù láti dá ẹja odò padà ni kí a tó mú un kúrò níbẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá. Ẹ gba igo oògùn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, kí ẹ fi kàlẹ́ńdà síbẹ̀. Bí ẹja bá yí ìwà padà, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ má jẹ́ "Oògùn wo la máa lò?" Kí ó kọ́kọ́ béèrè pé, "Oṣù wo la wà?"